Táyà méjì ti jẹ nínú mẹ́rin: ṣé méjì náà ni kí n rà?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Jíìpù kan la ní nílé, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí nígbà gbogbo. Èmi ni mo ń fi í gbé àwọn ọmọ mẹ́ta lọ sílé ìwé, òun náà ni mo ń gbé lọ ibi iṣẹ́. Orí ọ̀dà ni mo sábà máa ń rìn, àmọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù a máa ń gba ọ̀nà ilẹ̀ kan tó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹrẹ̀, bíi kìlómítà 40. Alátáyà wọn eyín táyà náà, ìyẹn rọ́bà tó yọ síta lójú rẹ̀: ti iwájú méjèèjì ku mílímítà 2, ti ẹ̀yìn ku 5. 265/65R17 112S ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ní kí n ra méjì péré. Ọkọ mi ní ká ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì jẹ́ oníẹrẹ̀, èyí tó ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ó ń bu iyì kún ọkọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o, ìyá wa. N kò ní fi ìdáhùn pamọ́ sí ìsàlẹ̀: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ rà. Níbi yẹn, ọkọ yín jàre. Ṣùgbọ́n ẹ má ra oníẹrẹ̀, ẹ má sì ra èyí tó ga ju ti inú ìwé ọkọ̀ lọ. Ìwọ̀n tó wà lára ọkọ̀ yín báyìí gan-an ni kí ẹ tún gbé wọ̀ ọ́, kó jẹ́ irú A/T, èyí tó wà fún ọ̀dà àti ọ̀nà ilẹ̀, tí eyín rẹ̀ mọ níwọ̀n. Alátáyà tó ní kí ẹ ra méjì kò purọ́ fún yín o. Fún ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnì ń yí, méjì tó. Tiyín ló yàtọ̀.

Nínú jíìpù yín, àpótí kan wà lẹ́yìn gíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnì sí ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú máa rìn gùn díẹ̀ ju èyí tí ti ẹ̀yìn máa rìn lọ. Àpótí yìí ni kì í jẹ́ kí wọ́n máa fa ara wọn, torí ó ń gbà kí ọ̀kan sáré ju èkejì lọ. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ṣe apá yẹn fún: kọ́nà dé, kọ́nà kọjá, ó sinmi. Tí táyà iwájú bá wá ga ju ti ẹ̀yìn lọ, lójú tirẹ̀ kọ́nà kò tán mọ́ nìyẹn. Ojú títì ì báà tọ́ gbọnrangandan, á máa ṣiṣẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé yín títí dé ibi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Táyà 265/65R17 tuntun ga tó mílímítà 776 láti òkè dé ilẹ̀. Ká ní eyín rẹ̀ jìn tó mílímítà 10 nígbà tó jẹ́ tuntun, tí ti ẹ̀yìn yín ku 5, ti ẹ̀yìn ti fi mílímítà 10 kúrú, torí òkè àti ìsàlẹ̀ ló ti jẹ. Nínú kìlómítà kan, tuntun á yípo bí ìgbà 410, èyí tó ti jẹ á yípo bí ìgbà 415. Márùn-ún péré, ẹ ó sọ pé kí ni márùn-ún máa ṣe. Ẹ rin kìlómítà 100, ó ti lé ní 500 ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi yípo ju ti iwájú lọ, inú àpótí yẹn ni gbogbo ìjàkadì náà sì ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ́ìlì inú rẹ̀ á gbóná. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ń lo ìdè olómi dípò eyín irin, omi náà á gbóná títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ nígbà tí kò yẹ kó dì wọ́n.

Mo ti jẹ ìyà yìí rí, kì í ṣe pé mo kà á. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ní jíìpù, mo ra táyà méjì síwájú, inú mi dùn pé mo fi owó méjì yòókù pamọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bí mo bá fẹ́ yí ọkọ̀ wọ inú ọgbà, tí mo bá yí sítíárìn dé òpin, ọkọ̀ á máa ta gbọ̀n-ọ̀n gbọ̀n-ọ̀n bí ẹni tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Mo rò pé ṣọ́ọ̀kì ni. Ẹni tó tú u bu ọ́ìlì àpótí náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí mi ní imú. Ó dúdú kirikiri, ó ń rùn bí ìgbà tí ìkòkò bá jó. Iye tí mo fi tún un ṣe ju owó táyà mẹ́rin lọ dáadáa, ẹ̀bi sì jẹ́ tèmi, torí ìwé ọkọ̀ ti kìlọ̀ fún mi.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò fẹnu kò lórí bí ìyàtọ̀ ṣe lè tó. Àwọn kan kò gbà kí eyín táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ju nǹkan bíi mílímítà 1.6 yàtọ̀ síra, àwọn mìíràn gba ìlọ́po méjì ìyẹn. Ìwé ọkọ̀ yín ló máa dá ẹjọ́ náà. Ẹ sì kíyè sí i pé mílímítà 3 ni ìyàtọ̀ tó wà nídìí ọkọ̀ yín báyìí. Bí ẹ bá fẹ́ fojú rí i, ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé fa ìlà sí ìsàlẹ̀ táyà iwájú kan àti ti ẹ̀yìn kan ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, níbi tí wọ́n ti kan ilẹ̀. Kí ẹlòmíràn máa wa ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà tó tọ́, kí ẹ máa bá a rìn, kí ẹ máa ka iye ìgbà tí ìlà iwájú kan ilẹ̀. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ìlà ẹ̀yìn kò tíì ní kan ilẹ̀. Ó lè ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ pààrọ̀ táyà, ẹ ní kí mekáníìkì wo ọ́ìlì àpótí yẹn àti ti dífà iwájú àti ẹ̀yìn, ìyẹn àpótí eyín irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjì. Bó bá ti dúdú, kó dà á nù.

Bó bá jẹ́ pé owó méjì péré ló wà lọ́wọ́ lóṣù yìí ńkọ́? Tí ojú ọjọ́ bá gbẹ, tí ẹ kì í sì í sáré, màá sọ pé ẹ lọ rọra lórí ohun tó wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ títí owó á fi pé, ju pé kí ẹ ra méjì lọ. Ṣùgbọ́n mílímítà 2 kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wà lórí rẹ̀ nígbà òjò. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù àti ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ààlà sí mílímítà 1.6, ẹ ó sì rí àwọn òkè kéékèèké tó dábùú inú ihò eyín táyà, tó jẹ́ pé bí eyín bá ti bá wọn dọ́gba, ó tán nìyẹn. Ààlà òfin ni èyí o. Kí eyín tó débẹ̀, agbára tí táyà fi ń ti omi kúrò lábẹ́ ara rẹ̀ ti dín kù gan-an, jíìpù sì wúwo, kò rọrùn láti dá dúró. Èmi kì í jẹ́ kí tèmi lọ sísàlẹ̀ ju 3 lọ kí n tó pààrọ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ oníẹrẹ̀ wàyí. Irú mẹ́ta ni ẹ ó bá pàdé. H/T ni ti ojú ọ̀dà: eyín rẹ̀ sún mọ́ra, kì í pariwo, kì í jẹ epo, ó sì máa ń di títì tútù mú dáadáa. M/T ni oníẹrẹ̀ tí ọkọ yín ń wí: eyín rẹ̀ rí gbágungbàgun bí òkúta, àlàfo tó wà láàárín wọn gbòòrò kí ẹrẹ̀ lè máa já bọ́. A/T wà láàárín àwọn méjèèjì, òun náà sì ní ìpele tirẹ̀. Àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí H/T, àwọn kan ń sún mọ́ M/T.

Ohun tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ń ra M/T ni pé àlàfo gbígbòòrò tó wúlò nínú ẹrẹ̀ yẹn náà ló ń dín rọ́bà tó kan ọ̀dà kù. Bí òjò bá rọ̀, tí ẹ tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á rìn jìnnà díẹ̀ sí i kó tó dúró. Ó tún wúwo, ó ń jẹ epo, ó sì ń hó. Ariwo yẹn kì í ṣe kékeré: bí ọkọ̀ bá ti ń sáré dáadáa, ẹ ó máa gbọ́ "hùùùù" kan tí kì í dákẹ́, bí ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú bá ń kọjá lókè ilé. Lọ́jọ́ kìíní ọkùnrin á máa rẹ́rìn-ín sí i. Lóṣù kẹta, àwọn ọmọ kò lè sùn lẹ́yìn ọkọ̀ mọ́. Fún ẹni tó ń wọ inú igbó tàbí inú oko lójoojúmọ́, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀, n kò bú u. Kìlómítà 40 lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò tó ìdí láti fara da ọgbọ̀n ọjọ́ yòókù.

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: nígbà òjò, ǹjẹ́ ọkọ̀ kékeré máa ń gba ọ̀nà ilẹ̀ yẹn kọjá? Bó bá ń gbà á, kódà H/T á tó yín, ẹ ó sì gbádùn rẹ̀ jù lórí ọ̀dà. Bí ẹ bá sábà ń rí ọkọ̀ kékeré tó rì síbẹ̀ tí wọ́n ń tì, A/T tó rọra ni. Torí òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ mẹ́nu bà ni mo ṣe fì sí A/T. Eyín rẹ̀ nípọn ju ti H/T lọ, bí òkúta bá ń bù ú jẹ, ó ṣì ní ibi tó kù.

Ní ti gíga, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó wà lára táyà yín, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. 265 ni ìbú rẹ̀ ní mílímítà. 65 túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó ìdá 65 nínú 100 ìbú yẹn. R ni pé okùn inú rẹ̀ gba láti etí kan sí ìkejì ní tààrà, bí ọ̀pọ̀ jù lọ táyà òde òní ṣe rí. 17 ni ìwọ̀n ríìmù ní íǹṣì. 112 jẹ́ àmì ẹrù: táyà kan lè gbé kílógírámù 1,120. S ni eré tó lè gbà, kìlómítà 180 ní wákàtí kan. Nínú gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí, 112 yẹn ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. 113 dára, 116 dára, 109 kò dára, bó ti wù kó wọ ríìmù yẹn rẹ́gí tó. Ọmọ mẹ́ta, àgbà méjì, ẹrù ìrìn àjò lẹ́yìn àti lórí òrùlé: táyà tí agbára rẹ̀ kéré á gbóná ní ẹ̀gbẹ́, táyà tó gbóná ní ẹ̀gbẹ́ ló sì ń bẹ́ lójijì.

Èyí tó ga tí ọkọ yín fẹ́ á ṣeé ṣe kó jẹ́ 265/70R17. Ó ga tó mílímítà 803, ìyẹn ni pé ó fi nǹkan bí ìdá 3.4 nínú 100 ju tiyín lọ. Lójú ara rẹ̀ kò pọ̀: mílímítà 13 péré ni ìdí ọkọ̀ fi máa gòkè. Ṣùgbọ́n bí géèjì bá ń sọ pé 100 lẹ̀ ń sá, 103 lẹ̀ ń sá gan-an. Bí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin nígbà tí ẹrù kún ọkọ̀, ó lè máa ha ike tó bo òkè táyà. Bí ẹ bá ń gun òkè, ọkọ̀ á dà bí èyí tó wúwo díẹ̀. Mílímítà 13 kọ́ ló máa yọ yín nínú ẹrẹ̀, eyín táyà àti ọwọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ ni. Kò tó ohun tí a ń ja ìjà ilé lé lórí.

Wọ́n tún lè gbé èyí tí wọ́n kọ LT sí ṣíwájú ìwọ̀n rẹ̀ fún yín, tí wọ́n á ní ó le bí irin, "ten-ply" ni. Iye yẹn kì í ṣe iye aṣọ tó wà nínú táyà mọ́ o, ìwọ̀n agbára lásán ni wọ́n fi ń sọ. Táyà LT wà fún ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹni tó ń fa tírélà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, àwọn ọmọ á mọ gbogbo kòtò tí ẹ bá wọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí níbẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ pọ̀ ju ti táyà lásán lọ kó tó lè gbé ẹrù kan náà. Ẹni tó bá wọ LT tó sì ń fẹ́ ẹ bíi ti tẹ́lẹ̀ ti dín agbára ọkọ̀ rẹ̀ kù láìmọ̀.

Ṣé yìnyín máa ń bọ́ níbi tí ẹ ń gbé? Ẹ kò sọ. Bó bá ń bọ́, ẹ wá àmì òkè onígóńgó mẹ́ta tí ìràwọ̀ yìnyín wà nínú rẹ̀, torí wọ́n dán ìyẹn wò lórí yìnyín. M+S lásán kò ní ìdánwò kankan nídìí, ẹni tó ṣe táyà ló kọ ọ́ sí i fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ rà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ ìbí táyà: 2324 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí nígbà mìíràn, nítorí náà ẹ yí i. Rọ́bà a máa gbó láìrìn ìsísẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣe ọkọ̀ ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 6, ilé iṣẹ́ Michelin sì sọ pé bó ti wù kó dára tó lójú, kó má kọjá ọdún 10 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Èmi kì í gba èyí tó ti lé ní ọdún méjì lórí pẹpẹ, àyàfi bí wọ́n bá dín owó rẹ̀ kù gidi. Táyà àlòkù ńkọ́? Fún ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ, rárá. Ẹ kò lè rí ohun tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, ẹni tó ń tà á náà kò rí i.

Bí ẹ bá ní A/T méjì lọ́wọ́ tí ẹ kò mọ èyí tí ẹ máa mú, ẹ wo bó ṣe ń di ilẹ̀ tútù mú kí ẹ tó wo bó ṣe máa pẹ́ tó. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo ìlẹ̀mọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, láti A dé E ni, A ló dára jù. Lára àwọn táyà tó bá ìlànà Amẹ́ríkà mu, ẹ ó rí "Traction", ìyẹn bó ṣe ń di ilẹ̀ tútù mú, AA ló ga jù níbẹ̀. Ẹ ó tún rí "Treadwear", ìyẹn bó ṣe máa pẹ́ tó, pẹ̀lú nọ́ńbà ńlá, 500, 600. Ẹ má jẹ́ kó mú orí yín gbóná jù, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún táyà tirẹ̀ ní nọ́ńbà náà. Ẹ lè fi í wé ara wọn nínú ọjà ilé iṣẹ́ kan, àmọ́ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtumọ̀.

Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ alátáyà, ẹ bi í ní ohun tó yẹ kó ti jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́: kí ló dé tí iwájú fi jẹ tí ẹ̀yìn kò jẹ? Ẹ wo táyà àtijọ́ náà kó tó jù ú nù. Bí etí méjèèjì bá jẹ ju àárín lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ń kéré. Bó bá jẹ́ àárín, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bí etí kan ṣoṣo bá jẹ, tàbí tí ẹ fọwọ́ pa á lọ tí ó dán, tí ẹ fọwọ́ pa á bọ̀ tó ń họ yín lọ́wọ́, aláínmẹ́ǹtì ló ti yẹ̀. Bó bá ní kòtò kéékèèké káàkiri, ẹ yẹ ṣọ́ọ̀kì wò. Bó bá sì jẹ dọ́gba láìsí àbùkù, a jẹ́ pé ẹ kò yí táyà ipò padà rí nìyẹn. Kí ẹ tún ohun tó bá jẹ́ ìdí rẹ̀ ṣe kí tuntun tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀nà kan náà ni tuntun máa gbà lọ.

Kí wọ́n fi imú táyà tuntun, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, sí i, kí wọ́n ṣe bálánsìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti aláínmẹ́ǹtì. Ẹ tún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100. Afẹ́fẹ́ tí ẹ máa fẹ́ sí i wà lára ìlẹ̀mọ́ tó wà lójú ilẹ̀kùn awakọ̀, ọkọ̀ púpọ̀ sì ní iye ọ̀tọ̀ fún ìgbà tí ẹrù bá kún. Òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má lo nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀, ìyẹn ni òpin ohun tó lè gbà, kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ yín fẹ́. Ẹ rọra wà á fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà díẹ̀ àkọ́kọ́, torí ara táyà tuntun máa ń yọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ní gbogbo kìlómítà 8,000 sí 10,000, kí ti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ti ẹ̀yìn wá síwájú. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni, òun ni kò ní jẹ́ kí ẹ tún kọ irú ìbéèrè yìí sí mi mọ́.

Táyà ẹ̀yìn méjèèjì tó ku mílímítà 5 yẹn, ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ wo ọjọ́ ìbí wọn. Bí wọn kò bá tíì gbó, ẹ fi èyí tó dára jù ṣe sípíà. Tí ọ̀kan bá wá jò lọ́nà, kí sípíà yìí gbé yín dé ọ̀dọ̀ alátáyà tó sún mọ́ jù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí gíga rẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù mu mọ́.

Ní ti iyì ọkọ̀, ẹ sọ fún ọkọ yín pé A/T mìíràn wà tí wọ́n fi funfun kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kó ní kí alátáyà kọ ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn síta.